Bíréèkì Ọwọ́ Tí À Ń Bẹ̀rù

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Mi ò kọ̀wé sí ìwé ìròyìn rí, mo kàn máa ń rà á kà ní ṣọ́ọ̀bù ni tí ọjà ò bá yá, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, mo sì rí i pé tí mi ò bá sọ ọ́ síta, mi ò ní lè sùn dáadáa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ra ọ̀kadà. Ọmọ ọdún 19 ni. Ìyá ẹ̀ yáwó ní kọpuréétífù kún èyí tó ní lọ́wọ́, wọ́n ra Bajaj Boxer tuntun, wọ́n gbé e délé ní Tọ́sìdè, wọ́n gbàdúrà sí i. Nígbà tó di Fúráìdè ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan mú un lọ sí pápá ilé ìwé, ó kọ́ ọ láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́fà ààbọ̀, ilẹ̀ Sátidé mọ́, ọmọ ti wà ní Pánsẹ́kẹ́, ní Abẹ́òkúta níbí, tó ń pe èrò.

Wákàtí méjì ààbọ̀ o. Ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀ á lo ọdún méjì mẹ́ta lábẹ́ ọ̀gá. Ẹni tó fẹ́ máa dín àkàrà tà, á ba ẹ̀wà jẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ ẹ̀ tó mọ́ ọn. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ máa gbé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn lórí táyà méjì, láàárín tírélà àti Micra, wákàtí méjì ààbọ̀ ti tó fún un.

Mo ránṣẹ́ pè é, ó gbé máṣíìnì ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní kó fọwọ́ ọ̀tún fa bíréèkì iwájú kí n rí i bó ṣe ń fà á. Ó wò mí lójú bíi pé mo ní kó fọwọ́ bọ iná, ó ní, "Búọ̀dá mi, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyẹn o, wọ́n ní ó máa ń gbé èèyàn tàkìtì." Àyà mi já. Ohun tí àwọn tó kọ́ èmi náà sọ fún mi ní 2004 nìyẹn, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, ọdún méje ni mo fi gun ọ̀kadà ní Abẹ́òkúta níbí, láti 2004 sí 2011. Jincheng ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ti ẹlòmíì ni, èmi ń dá owó dílífà fún un lójoojúmọ́, ó di 2009 kí n tó ra tèmi. Báyìí sípíà páàtì máṣíìnì ni mò ń tà, àwọn ọlọ́kadà ni oníbàárà mi, mo ṣì máa ń gun tèmi lọ sọ́jà. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé tó ò bá máa gun òkè lọ, o ti ń sọ̀kalẹ̀ nìyẹn, ìlú àpáta ni, kò sí ibi tó tẹ́jú tí wàá ti máa ṣe bó ṣe wù ẹ́. Ojú títì yẹn ló kọ́ mi ní ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo mọ̀ nípa ayé, mo sì fẹ́ sọ díẹ̀ níbẹ̀, torí àwọn òbí àtàwọn ọmọ tó ń ra máṣíìnì lọ́wọ́lọ́wọ́.

Kí n sọ èyí tó ká mi lára jù kọ́kọ́. Ní 2007, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀, mo gbé ìyá aláta kan láti Láfẹ́nwá, Ìta-Òṣìn ni wọ́n ń lọ, wọ́n gbé agbọ̀n tòmátì lé itan. Òjò ò tíì rọ̀ gidi, ó kàn ń ṣe wínníwínní ni. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ burú ju èyí tó ti rọ̀ fún wákàtí kan lọ, torí ọ́ìlì tí àwọn mọ́tò ti ń kán sílẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti eruku, omi díẹ̀ yẹn ló máa pò wọ́n pọ̀, títì á wá máa yọ̀ bí ilẹ̀ tí wọ́n da ọbẹ̀ ilá sí. Micra kan tó wà níwájú mi dúró lójijì kó lè gbé èrò. Kòtò kan wà lápá òsì ẹ̀, àyè wà láàárín àwọn méjèèjì tí máṣíìnì lè gbà kọjá dáadáa. Ojú mi lọ sínú kòtò. Mo ń wò ó, mo ń sọ lọ́kàn mi pé n ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, n ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, inú ẹ̀ náà ni máṣíìnì sì ń gbé wa lọ. Mo fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ tagbáratagbára, bí wọ́n ṣe kọ́ mi, táyà ẹ̀yìn dá dúró, kò yí mọ́, ìdí máṣíìnì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ṣubú.

Sàlẹ́ńsà jó mi lẹ́sẹ̀, àpá ẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ di òní. Ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan. Apá ìyá aláta ṣẹ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òjò, tòmátì fọ́n ká títì, wọn ò sunkún, wọ́n kàn ń sọ pé "ọjà mi, ọjà mi." Ohùn yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ọ̀dọ̀ bàbá tó ń to eegun la gbé wọn lọ, èmi ni mo ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí apá fi jinná, wọ́n sì gun ẹ̀yìn mi, wọn ò kọ̀. Mo máa ń rò ó pé tó bá jẹ́ èmi ni, bóyá mi ò ní lè tún gun ẹ̀yìn ẹni tó gbé mi ṣubú.

Bàbá mọkálíìkì tó bá mi tún máṣíìnì ṣe lẹ́yìn ìyẹn, àgbàlagbà ni, ó ti ń tún Fẹ́sípà ṣe kí wọ́n tó bí mi. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: bíréèkì wo lo lò? Mo ní ti ẹsẹ̀. Ó ní ti ọwọ́ ńkọ́? Mo ní mo bẹ̀rù ẹ̀. Kò bú mi. Ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Nígbà tí mo dé, ó gbé mi lọ sí pápá, ó ṣí fìlà orí ẹ̀, ó fi lélẹ̀, ó ní kí n sáré bọ̀ láti òdì kejì, tí mo bá dé ìdí igi báyìí kí n tẹ bíréèkì, kí n má gun fìlà òun mọ́lẹ̀ o. Mo lo ti ẹsẹ̀ nìkan, mo gun fìlà bàbá mọ́lẹ̀. Mo tún un ṣe, mo tún gùn ún mọ́lẹ̀. Ó wá ní kí n lo méjèèjì pa pọ̀, kí n rọra máa fún ti ọwọ́ bí ẹni ń fún ọsàn mu, kí n má já a gbà lójijì. Mo dúró. Fìlà ṣì jìnnà síwájú mi.

Ó ṣàlàyé fún mi, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó bá ń ka ìwé yìí gbọ́ ọ dáadáa. Tí dánfó tó ò ń wọ̀ bá tẹ bíréèkì, ibo ni gbogbo èrò ń dà sí? Iwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni máṣíìnì. Bó o bá ṣe tẹ bíréèkì báyìí, gbogbo ẹrù, ìwọ, èrò ẹ, ẹ́ńjìnnì, gbogbo ẹ̀ á tì síwájú, táyà iwájú á di ilẹ̀ mú gírígírí, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́. Táyà tó fúyẹ́ ò lè dá ẹ dúró, yíyọ̀ ló máa yọ̀. Torí náà èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tó lè dá ẹ dúró, iwájú ló wà, lọ́wọ́ ọ̀tún tí wọ́n ní kó o má fọwọ́ kàn yẹn. Ẹni tó já a gbà lójijì lórí iyanrìn tàbí nínú kọ́nà lè ṣubú lóòótọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ dípò ká kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, a kàn sá fún un. Àwọn kan tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ti tú wáyà ẹ̀ dànù pátápátá. Tí mo bá rí i, inú mi máa ń bàjẹ́ gan-an.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn ò sì dúró lórí máṣíìnì nìkan fún mi. Lẹ́yìn tá a ṣubú yẹn, mi ò rówó dílífà san fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo wá ń sá fún ẹni tó ni máṣíìnì, mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo pa fóònù, mo yáwó lọ́dọ̀ ẹlòmíì kí n lè fi san díẹ̀, gbèsè wá di méjì. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí n lọ bá a, kí n sọ pé máṣíìnì yín ṣubú lọ́wọ́ mi, èrò fara pa, mi ò lówó. Nígbà tí mo wá lọ níkẹyìn, tí mo dọ̀bálẹ̀, tí mo sọ gbogbo ẹ̀, ó dákẹ́ títí, ó ní ṣé ìyá yẹn ti ń gbádùn, ó ní kí n lọ tọ́jú wọn ná, a máa pín owó tó kù san díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi sá fún ohun kan ṣoṣo tó lè gbà mí. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá rí i pé ẹ̀rù nǹkan kan ń bà mí ju bó ṣe yẹ lọ, mo máa ń bi ara mi pé ṣé kì í ṣe bíréèkì ọwọ́ nìyí.

Ti ojú náà ńkọ́. Bàbá sọ fún mi pé ibi tí ojú bá lọ ni orí ń yà sí, ibi tí orí yà sí ni èjìká ń tẹ̀ lé, ọwọ́ tó di máṣíìnì mú á sì bá èjìká lọ. Ìdí tí mo fi wọ kòtò nìyẹn, àyè ló yẹ kí n máa wò. Mo ti ń lò ó látìgbà yẹn, nínú kọ́nà, láàárín mọ́tò, ibi tí mo fẹ́ gbà jáde ni mò ń wò, mi ò kì í tẹjú mọ́ ibi tí mò ń sá fún. Lọ́dún tí bàbá mi kú, tí gbèsè ìnáwó ń lé mi, ó rẹ̀ mí débi pé iye tí mo jẹ nìkan ni mò ń rò láàárọ̀ lálẹ́, mi ò rí iṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ fún mi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, kòtò yẹn lẹ tún ń wò o." Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra púlọ́ọ̀gì àti ṣéènì díẹ̀díẹ̀ tà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní gàréèjì, ohun tó di ṣọ́ọ̀bù lónìí nìyẹn.

Eré sísá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé orúkọ iṣẹ́ yìí gan-an, eré ló wà níbẹ̀. Okada Air, ilé iṣẹ́ bàálù tí olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni wọ́n ti yọ ọ̀kadà, Ọ̀kadà ni orúkọ ìlú wọn ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, àwọn èrò tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ há mọ́ Èkó ló rí máṣíìnì tó ń fò kọjá lára wọn, ni wọ́n bá fi bàálù pè é. Àmọ́ bàálù ò ní kòtò lójú ọ̀run. Tó o bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré tó o fi rí ewúrẹ́ tí ọwọ́ ẹ ò sì tíì dé bíréèkì, o ti rin nǹkan bíi mítà 17. Tó o bá sọ eré ẹ di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí bíréèkì máa jẹ kó o tó dúró ò ní jẹ́ ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹ tún èyí kà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ò mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa fi máṣíìnì sí fíríì tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè torí kí epo má baà jó, wọ́n ń ta ẹ̀mí ra epo nìyẹn, gíà ló yẹ kó di máṣíìnì mú nísàlẹ̀ òkè, kó má jẹ́ bíréèkì nìkan.

Rìsáfù náà tún kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Máṣíìnì wa ìgbà yẹn ò ní gèéjì tó ṣeé gbára lé, tí epo bá fẹ́ tán ó máa ń wú ikọ́ kíkọ́, wàá wá nawọ́ sísàlẹ̀ táńkì, wàá yí i sí rìsáfù, epo díẹ̀ tó kù lábẹ́ á gbé ẹ délé epo. Ẹni tó bá ti ń fi rìsáfù rìn látàárọ̀, tó bá ti wú ikọ́, títì ló máa sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ọjọ́ Sátidé sọ́dọ̀ alájọ, mi ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ìjọba Èkó ní ọ̀kadà ò gbọdọ̀ rìn mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ní ọjọ́ 1 oṣù kejì 2020, tí wọ́n tún gbé e dìde ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2022, tí Kosọ́fẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin tún wá kún un ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn ẹgbẹ́ mi tó wà lọ́hùn-ún sá padà wálé. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí òfin yẹn, ìyẹn ti ju ọ̀rọ̀ ìwé kan lọ, àmọ́ mo rí ojú àwọn tó ní rìsáfù àti ojú àwọn tí ò ní nígbà tí wọ́n bọ́ọ́lẹ̀ ní gàréèjì Kútọ̀ níbí. Ojú wọn ò jọra rárá.

Ọ̀rọ̀ hẹ́límẹ́ẹ̀tì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn Rọ́ọ̀du Séfítì bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn ní January 2009, àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé garawa ọ̀dà, èrò sì ń bẹ̀rù pé wọ́n lè fi oògùn sínú èyí tí ọlọ́kadà bá gbé fún wọn. Mo bá wọn wà níbẹ̀. Ẹ ra tiyín fún ara yín, kí ẹ máa gbé e dání, ẹ jọ̀ọ́.

Èyí tí mo fẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ jù lọ ni ti ẹni tó wà lẹ́yìn. Ní 2010, àgbẹ̀ kan tí mo máa ń bá gbé ẹrù láti abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá pè mí ní aago kan òru. Ìyàwó ẹ̀ ń rọbí, kò sí mọ́tò, ibi tí wọ́n ti máa gbẹ̀bí fún un jìnnà. Mo lọ. A gbé obìnrin náà sáàárín, ìyá ọkọ ẹ̀ jókòó sẹ́yìn ẹ̀, ó gbá a mú. Mo mọ̀ pé èèyàn mẹ́ta lórí máṣíìnì ò dáa, mo mọ̀ ọ́n lóru ọjọ́ yẹn náà, àmọ́ kò sí ọ̀nà míì. Ọ̀nà oko ni, pàlàpálá ni, iná iwájú mi ò mọ́lẹ̀ tó. Gbogbo ara mi ló fẹ́ sáré. Ẹ̀rù ń bà mí pé á bí i sórí títì, mo fẹ́ fún un níná kí n gbà á já.

Obìnrin yẹn fọwọ́ méjèèjì di aṣọ mi mú lẹ́yìn. Tí ìrora bá ti dé, ọwọ́ yẹn á fún aṣọ mi pọ̀, màá dẹwọ́ iná, màá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Tó bá ti rọ̀ ọ́, ọwọ́ á tú, màá tún máa lọ pẹ̀lẹ́. Tí mo bá wọ kòtò díẹ̀, mo ti mọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó mọ̀ lára máṣíìnì. Ọwọ́ ẹ̀ ló wa máṣíìnì lóru ọjọ́ yẹn, èmi kàn di háńdù mú ni. A lé ní wákàtí kan lójú ọ̀nà tí mo máa ń fi ìdajì ẹ̀ rìn lọ́sàn-án. A dé. Ó bí obìnrin, àlàáfíà ni, ọmọ yẹn ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ó máa ń kí mi ní "Bàbá Ọlọ́kadà" tó bá rí mi.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, mo rò pé ọlọ́kadà ló ń gbé èrò. Láti òru yẹn ni mo ti ń fetí sí ẹ̀yìn mi. Èrò tó dákẹ́ tó wá ṣàdédé di ìjókòó mú, ó ti sọ̀rọ̀, ó ní eré ẹ ti pọ̀ jù. Èyí tó fẹsẹ̀ ti ibi ìfẹsẹ̀lé bíi pé òun ló ń tẹ bíréèkì, òun náà ti sọ̀rọ̀. Nílé náà, tí ìyàwó mi bá ti dákẹ́, tí àwọn ọmọṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù bá ti ń wolẹ̀ tí mo bá ń sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ọwọ́ wọn ti fún aṣọ mi pọ̀.

Ẹ̀yin Olóòtú, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ bá mi gbé e sójú ìwé yín. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń yáwó ra máṣíìnì fún ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í bóyá ó lè lo bíréèkì iwájú kí ẹ tó jẹ́ kó gbé èrò àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi máṣíìnì gba dílífà, ẹ wo wáyà ẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún ọmọkọ́mọ. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ní gàréèjì gbogbo, ẹ máa gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ ná, àmọ́ ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù kan kí àwọn àgbà tó wà láàárín yín kọ́ àwọn tuntun.

Ní tèmi, mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò tíì padà sí Pánsẹ́kẹ́, mo ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ìyá ẹ̀ bínú sí mi fún ọjọ́ méjì nítorí owó kọpuréétífù, mo ní kó fọkàn balẹ̀, màá bá a san ti oṣù yìí. Sọ́ńdè mẹ́ta la ti lò ní pápá. Fìlà mi ni mò ń fi lélẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ó gùn ún mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ń gbọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dúró, fìlà wà níwájú ẹ̀, ó wo ọwọ́ ara ẹ̀ títí, kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra máṣíìnì ní Abẹ́òkúta, kó béèrè nọ́ńbà mi lọ́wọ́ ẹ̀yin Olóòtú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè la máa ń bẹ̀rẹ̀, mi ò gba kọ́bọ̀, kó ṣáà gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dání.

Èmi ni tiyín,
Ọlọ́kadà àtijọ́ kan,
Abẹ́òkúta.